Ohun Tí Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Rẹ Yóò Máa Jẹ

Kèrè, ní Ìdáàṣà,
lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú

Estelle ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, nítorí àárọ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́tà yìí bá ọ, kí o gbà á ní kú ìrọ̀lẹ́, kí o má sọ pé màmá rẹ kò mọ àkókò mọ́. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àdágbé, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo Kútọnu. Olúwa tó gbé àwọn òkè wọ̀nyí kalẹ̀ láìsí ẹni tó bá a dì í mú, kí ó máa gbé ọ ró. Ìyá wa Màríà tó wà nínú ihò àpáta, kí ó máa fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, kí ẹ̀fọn má jẹ ọ́, kí ọ̀gá má bínú sí ọ. Àmín.

Kí àyà rẹ tó já, jẹ́ kí n tètè sọ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ lẹ́tà yìí. Ràṣídátù tó ń ta ọṣẹ lọ́jà Ìdáàṣà ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, òun ló fún ọ ní ọṣẹ olóòórùn dídùn nígbà tí o ń lọ fún gbígba ara Olúwa àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí lòun. Mo ti ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Ó ní òun gbọ́. Ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ fúnra mi wà níwájú, a ó débẹ̀.

Ilé dára. Iṣu tuntun ti jáde, ó sanra ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀bọ orí òkè ti mọ ọ̀nà oko wa, wọ́n sì máa ń jẹ orí iṣu, wọ́n á fi ìdí sílẹ̀ fún wa bí ẹni ń ṣàánú. Ewúrẹ́ dúdú tí o máa ń pè ní Madame ti bí, akọ kan, abo kan. Mo ti ro orí ibojì bàbá rẹ, mo sì sọ fún un pé o ṣì ń kan ọkọ̀ ní Kútọnu. Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo so ó mọ́ ẹ̀ka igi kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, níbi tí rẹ́só tí fóònù fi ń gbé ohùn máa ń wá jókòó sí, mo sì ta agbòòrùn sókè rẹ̀ kí oòrùn má baà lé e lọ. Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀ dé. Mo gbọ́ ọ, mo dá ọ lóhùn, mo dúró kí o fèsì, àfi bí o ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ohun tí o ti sọ tẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún dá ọ lóhùn, o tún un sọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó lónìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ. O kò wá fún ìrìn àjò mímọ́ sí ihò àpáta Màríà nínú oṣù Kẹjọ, ọmọ gbogbo ènìyàn wá, àwọn àjèjì láti Tógò pàápàá sùn sí ìta wa. Lẹ́yìn náà ni o pè mí nígbà tí a ń wú ẹ̀pà. O ní ọ̀gá rẹ, Madame Chantal, tó ni ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé, ti dá ọkọ̀ tí o yà padà. O ní ọkọ̀ náà ń lọ sí àárín àwọn ìràwọ̀, àwọn ìràwọ̀ sì jìnnà débi pé bí ọkọ̀ bá ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á darúgbó kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. O ní òkúta dídán kan tó ṣọ̀wọ́n ni o fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè sáré bẹ́ẹ̀. Madame wá ní òkúta bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ọkọ̀ ìràwọ̀ gbogbo ènìyàn, ó ti sú àwọn tó ń kà á, kí o lọ wá nǹkan mìíràn, bí o kò bá sì rí i kí oṣù yìí tó parí, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. O ní títí ọkọ̀ yẹn á fi rí ohun tí á máa jẹ, o kò lè fẹsẹ̀ kan kúrò ní Kútọnu. Lẹ́yìn náà o bú sẹ́kún, owó tó wà nínú fóònù sì tán.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti di tèmi. Ràṣídátù ní kí n jẹ́ kí òun sọ òótọ́ fún mi, pé kò sí ọkọ̀ kankan níbì kankan, inú ìwé ló wà. Mo bi í pé ṣé wọ́n máa ń san owó oṣù fún ènìyàn nítorí ohun tí kò sí. Ó tẹjú mọ́ bírò rẹ̀. Bó wà níbì kan o, bó jẹ́ inú ìwé ló wà o, ohun tó bá ti lè di ọmọ mi mú kó má wálé, ó wà. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, kí Ràṣídátù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

O rántí pé nígbà tí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òkúta dídán, inú mi dùn. Òkúta ni mo ń fọ́ láti ìgbà tí mo ti já ọ lẹ́nu ọmú, mo mọ èyí tó ń dán lójú oòrùn àti èyí tó ń ṣe bí ẹni pé ó ń dán. Mo ṣa àwọn tó dára jù sínú àpò, mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Ó bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí, mo ní oúnjẹ ọkọ̀ ni, ó wo mọ́tò tirẹ̀, kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn. O ní o gbà wọ́n, o ní o tò wọ́n sójú fèrèsé, o dúpẹ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé Madame kò fẹ́ òkúta mọ́, mo bínú. Mo ní ṣé òkúta Ìdáàṣà ni obìnrin yìí ń kọ̀, òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé fún wọn títí dé ibi tó jókòó sí.

Ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Àpáta tí wọ́n ń fọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé bàbá rẹ ga ju òrùlé lọ. Kòtò ni báyìí, omi òjò ń dúró sínú rẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ níbẹ̀. Bí òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè tán, èyí tó ṣọ̀wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bó bá tán mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, láàárín ìràwọ̀ tí ẹ kò mọ ẹnì kankan, lọ́wọ́ ta ni ẹ ó ti rà á tí ẹ ó fi padà? Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi bí ọkọ̀ yìí á ṣe lọ. Kò sí ẹnì kan tó sọ bí á ṣe bọ̀. Èmi ò mọ nǹkan nípa lílọ, èmi bíbọ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Nítorí náà mo gbà fún Madame, mo sì bá a wá oúnjẹ mìíràn.

Mo mú àwòrán ọkọ̀ náà tó wà nínú fóònù lọ fún Léon tó ń jórin lẹ́bàá títì, ẹni tó máa ń tún alùpùpù àwọn onízémíjàn tó ń gbé èrò ṣe. Léon kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣeré. Ó nu ọwọ́, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí, ó yí fóònù sọ́tùn-ún sósì, ó ní gbogbo ojú ìjórin rẹ̀ dára ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo ní bóyá orí òrùlé ni wọ́n ti ń gbé wọn wọlé. Ó ní ìyẹn kò yẹ àgbàlagbà. Jọ̀wọ́ ọmọ mi, ya ilẹ̀kùn sí i, kó fẹ̀, nítorí ẹrù. Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, Léon ní kí wọ́n da epo kpáyò sí i, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. A jọ ṣírò rẹ̀ lẹ́nu. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni epo tó máa gbé dání á ṣe pọ̀ tó, bí epo bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe wúwo tó, á wá máa jẹ epo láti fi gbé epo. Léon fúnra rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Alájì Ràmọ́nù tí ń ta àwọn pátákó tó ń gba oòrùn, tí wọ́n ń gbé sórí ilé kí iná lè tàn. Alájì ní kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tò ó sórí ọkọ̀ náà, kò ní ra epo láéláé. Inú mi dùn, mo ti ń bọ̀ wálé láti pè ọ́, àfi bó ṣe wọ̀ mí lọ́kàn lójú ọ̀nà pé ìmọ́lẹ̀ ni pátákó yẹn ń jẹ. Bí ọkọ̀ bá sì ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, báwo ni oúnjẹ rẹ̀ á ṣe lé e bá? Mo yí padà lọ sọ fún Alájì. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, wọ́n wá ní ṣé mi ò ní kúkú ra ọ̀kan fún ilé ara mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ Mọnpẹ́ẹ̀, àlùfáà wa, pàápàá lẹ́yìn Mísà, mo ní kí wọ́n bá mi súre fún ọkọ̀ ọmọ mi. Wọ́n béèrè bóyá mọ́tò ni tàbí alùpùpù. Mo ní ó ń lọ sí ìràwọ̀. Wọ́n ní bó bá dé kí n ní kí wọ́n gbé e wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á wọ́n omi sí i. Ọkàn mi balẹ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn.

Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ pé mo ronú kan kánàkò pẹ̀lú. Kí Mọnpẹ́ẹ̀ má gbọ́. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa bàbá bàbá rẹ, pé àwọn tó jí lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n dé Ṣábẹ̀ẹ́ wọ́n bá a tó ń jẹun. Wọ́n ní òun kì í sáré, ọ̀nà ló ń ká kúrú níwájú rẹ̀. Mo ní irú èyí ni Madame ń wá. Ṣùgbọ́n mo rántí pé òun nìkan ló máa ń lọ. Kò lè mú ìyàwó lọ, kò lè mú ọmọ lọ, kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá bàbá rẹ sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ayé òun ni òun fi ń wo ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ fún ọkọ̀ tó kún fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo wá lọ sínú iṣẹ́ tèmi. O mọ bí a ṣe ń ṣe àpáta tó bá le ju òòlù lọ. A kì í bá a jà. A ó kó igi àti táyà ògbólógbòó lé e lórí, a ó dáná sí i títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, a ó wá da omi tútù lé e lójijì. Á ké, á sì là fúnra rẹ̀. Mo ní bóyá kí ọkọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀nà, kó má sáré rárá, kó dáná sí iwájú, kó da omi tútù sí i, kí ọ̀nà tó jìn là, kí ó fún pọ̀, kó gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo rò pé mo ti rí i. Léon ni mo tún sọ fún, ó ní láàárín ìràwọ̀ kò sí atẹ́gùn, iná kò ní jó, níbo la ti fẹ́ pọn omi? Mo kí i, mo wá sílé.

Mo ti fẹ́ fi í sílẹ̀, Estelle. Ọjọ́ kan ni mo jókòó lábẹ́ igi kajú tí mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fọ́ òkúta. Má bi mí ìdí tí mo fi jókòó tí àwọn ń ṣiṣẹ́, a ó débẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí òkìtì Euphrasie ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ti wà ní ìdí ti ẹlòmíràn. O mọ àáró wa, tẹni kan lónìí, tẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún ẹnì kejì. Òkìtì tí Euphrasie nìkan á fi odidi oṣù fọ́, tí ìka rẹ̀ á fi máa ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n ti fọ́ ọ tán kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde dúró. Mo ní ọ̀nà oṣù kan nìyí tí àwọn obìnrin yìí rìn ní ọjọ́ kan, wọn kò sì jẹ òkúta dídán.

Nítorí náà fi etí sílẹ̀, kí o sì yà á bí mo ṣe ń sọ ọ́. Jẹ́ kí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ènìyàn tirẹ̀, kí gbogbo wọn wà nínú àáró kan. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ gbéra, kí gbogbo wọn, níbi tí kálukú wà, pa agbára pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tì í. Ìmọ́lẹ̀ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dá rìn, kò sí ẹni tó ń tì í. Ọkọ̀ tí gbogbo ìràwọ̀ bá pawọ́ pọ̀ tì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì kí i. Bí ọkọ̀ náà bá wá gúnlẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ gba ilẹ̀kùn tí o máa yà yẹn sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn náà dúró sáàárín àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n ti ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀, kò sí ohun tó máa tán. Àbọ̀ sì dájú, nítorí àwọn tí o bá ti bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n á tì ọ́ padà wálé.

Madame lè béèrè pé bí ẹnì kan bá wà tí wọ́n tì, tó dé ibi tó ń lọ tán, tí kò wá bá wọn ti tẹlòmíràn ńkọ́? Sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà wà. Àwa kì í lé ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án. A kì í bú u. Bó bá kan òun, a ó kó òòlù wa lọ sí ìdí òkìtì rẹ̀ bó ti yẹ, a ó jókòó, a ó mu omi tó bá bù fún wa, a ó bi í léèrè àlàáfíà ilé, a ó sì dìde lọ láì fọwọ́ kan òkúta. Mo ti rí obìnrin tó gba irú ìjókòó yẹn lójú ayé mi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n ó kó kúrò ní Kèrè kí òjò ọdún náà tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ti wọlé nìyí. Ràṣídátù ti gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò mí, mo ní kó gbé e. Àpáta kan wà tí a dáná sí, tí a da omi sí, tí kò là. Mo rò pé ó ti kọ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti kó eérú kúrò, ìgbà náà ló tó là. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló jókòó lé. Ní ilé ìwòsàn wọ́n ní egungun á so, wọ́n dì í, wọ́n ní ìka àárín kò dá wọn lójú. Mò ń fi ọwọ́ òsì jẹun bí ọmọ tí wọn kò tíì kọ́. Ọjọ́ tí o pè mí nípa ọkọ̀ náà ni. Láti ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀ wálé, Claudine tí a jọ wà nínú àáró ló gbé fóònù sí mi létí. Mo fẹ́ sọ fún ọ, ìwọ ti bú sẹ́kún kí n tó yanu. Mo ní ẹkún ẹnì kan ti tó nínú fóònù kan, mo gbé tèmi mì. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà, ọmọ mi, ọwọ́ náà àti pé mi ò lè sọ ọ́.

Kì í ṣe nítorí kí o lè ṣàánú mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí. Nítorí Claudine ni. Nígbà tí o yege ìdánwò BAC, tí a kò mọ bí o ṣe máa dé yunifásítì Calavi, Claudine ni àáró kàn. Ó dìde láàárín wa, ó ní kí wọ́n gbé ọjọ́ tòun fún mi. Euphrasie náà ní kí wọ́n gbé tòun. Òkìtì mi ga débi pé kàmíyọ̀, ọkọ̀ ńlá àwọn tó ń ra òkúta, kó o lẹ́ẹ̀kan, kò lè kó o tán, ó tún padà wá. Báyìí ni o ṣe wọ Calavi. Ìwọ ni ọkọ̀ tí a tì nígbà náà, ìwọ kò sì mọ̀, nítorí pé ìwé lo ń kà, mi ò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ pínyà.

Ní báyìí Marlène ọmọ Claudine fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Parakou. Wọ́n ti gbà á. Kàmíyọ̀ ń bọ̀ ní ìparí oṣù, bí òkìtì Claudine kò bá ga kó tó dé, ilé-ìwé á wọlé láìsí Marlène níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kángun sí ìparí oṣù ni gbogbo ẹgbẹ́ máa lọ sí ìdí òkìtì rẹ̀. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, kí n jókòó. Claudine fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì tún bá mi pọn omi lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Estelle, nígbà tí mo bá jókòó lábẹ́ igi kajú yẹn, mo máa ń gbọ́ bí òòlù wọn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn yí ká, tó bá dé ibi tó yẹ kó jẹ́ tèmi, á dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ti Euphrasie á ró. Àyè mi ṣófo láàárín àwọn méjèèjì. Wọn kò sún mọ́ra wọn láti dí i. Mo fẹ́ kí wọ́n dí i, kí n má máa rí i, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dí i.

Mo mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni o ti ń retí ibi tí màmá rẹ á ti béèrè owó. Mo ti débẹ̀. Mo fẹ́ kí o fún mi lówó, iye tí wọ́n ń gbà láti Kútọnu dé Ìdáàṣà gan-an. Má fi ránṣẹ́ sórí Momo inú fóònù, nítorí ọmọ tó ń bá wa gbà á níbí máa ń sọ pé ẹ̀rọ ti sùn. Gbé e lọ sí ibùdókọ̀ fúnra rẹ, fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí o sì jókòó sínú ọkọ̀ tí owó náà bá wọ̀, kó má baà sọ nù lójú ọ̀nà. Èmi á dúró ní ìyànà Kèrè láti gbà á. Mú ìwé àti pẹ́ńsù rẹ dání, o lè ya ọkọ̀ náà lábẹ́ igi kajú bí àwọn bá ń sinmi, o sì lè ya Claudine àti Euphrasie sí i tí wọ́n ń tì í, Madame kò ní rí irú rẹ̀ nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Léon ti bá mi yọ ọ̀pá òòlù mi, ó fi èyí tó fúyẹ́ sí i, mo ní ọwọ́ ọmọ mi rọ̀. Kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ní ṣé o ti ya ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Àìkú a ó tì ọ́ padà sí Kútọnu.

Kí Ọlọ́run ká ọ̀nà náà kúrú níwájú rẹ, kó sì nà án sílẹ̀ bó ti wà lẹ́yìn rẹ kí o lè padà. Kí iṣẹ́ rẹ bọ́ ọ, kó má jẹ ọ́. Kí àwọn tí o bá tì dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí ìwọ náà má ṣe wá ẹni tí á tì ọ́ tì. Kí ọwọ́ mi san kí n lè fi gba ọmọ rẹ nígbà tí ó bá dé. Bàbá rẹ kí ọ láti ibi tó wà. Ràṣídátù kí ọ, ó ní òun kò tún ohunkóhun ṣe.

Àyè náà ṣì wà níbẹ̀, láàárín Claudine àti Euphrasie. Wọn kò tíì sún mọ́ra wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Blandine